Àbúrò mi fẹ́ wọ sójà Amẹ́ríkà, àmọ́ ó ti fín tátù sọ́wọ́ àti ọrùn

Àdùkẹ́_Houston:

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbani síṣẹ́ sójà níbí ni mò ń wá. Àbúrò mi ọkùnrin ló fẹ́ wọlé, Army gan-an ló wù ú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ti jáde high school, kì í fa igbó, ọlọ́pàá ò mú un rí. Tátù ló kó wa sí ìyọnu. Mẹ́ta ló lọ fín sára láì sọ fún ẹnì kankan nínú wa. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ọrùn, orúkọ màmá wa tó ti dolóògbé. Ọ̀kan wà ní apá òkè, oṣé Ṣàngó ni, ó ní òun rí i lára ọmọ Brazil kan tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì wu òun. Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún: adé, wọ́n wá kọ “Ọmọba” sábẹ́ ẹ̀. Ilé ọba ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló rán an?

Bàbá wa ti bú u títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní ìjọba wo ló máa gbé ìbọn fún ọmọ tó sọ ara ẹ̀ di ògiri gáréèjì. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní kó ra ásíìdì kan tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó fi bó ti ọrùn kó tó lọ rí recruiter, ìyẹn ẹni tó ń gbani síṣẹ́ sójà. Ti ọrùn yẹn ló ń bà wá lẹ́rù jù, torí kọ́là aṣọ ò bò ó. Ṣé kó bó o ni, àbí kó máa lọ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ dúpẹ́ pé Houston lẹ wà. Tó bá jẹ́ Army ti Nàìjíríà ni, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìpolówó wọn pé ẹni tó bá ní tátù tàbí ohunkóhun tí wọ́n fín sára, kó má wulẹ̀ wá. Lẹ́tà kan ṣoṣo lápá ti tó. Wọn ò ní bi ọ́ pé kí ló túmọ̀ sí, torí ẹgbẹ́ òkùnkùn ló kọ́kọ́ ń wá sí wọn lọ́kàn.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bàbá tó bí bàbá mi lọ jagun Burma pẹ̀lú àbàjà lójú, kò sí òyìnbó tó ní kó fọ̀ ọ́ kúrò. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí wọ́n ṣe ní 2003 ti wá ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọlà tàbí fín tátù sára ọmọdé. Àwọn oníkọlà ti kógbá wọlé, àwọn ọmọ wá ń fi owó ara wọn sanwó ìfín.

Ìyá Ìbejì Killeen:

Àdùkẹ́, o kú ìtọ́jú àbúrò. Jẹ́ kí n pè ọ́ ní ọmọ mi, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo sì lò ju ogún ọdún lọ nínú Army kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti jókòó sídìí tábìlì recruiter náà rí. Tátù tí mo ti fi rúlà wọ̀n lára ọmọ ọlọ́mọ ò lóǹkà.

Ọrùn lẹ̀ ń bẹ̀rù, ọwọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa wò.

Ohun méjì ni wọ́n máa ń wò lára tátù, àwọn èèyàn a sì máa pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ibi tó wà àti bó ṣe tóbi tó. Ìyẹn ṣeé dúnàádúrà, ó sì ti yí padà lójú mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 2014 wọ́n le koko: tátù tó bá wà nísàlẹ̀ ìgúnpá tàbí orúnkún ò gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ, ọ̀kan ò sì gbọ́dọ̀ tóbi ju ọwọ́ ẹni tó ni ín lọ, àtìka àti àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tó di 2015 wọ́n mú ìyẹn kúrò. Ní oṣù kẹfà 2022 wọ́n wá ṣí ọwọ́ àti ọrùn sílẹ̀: ẹyọ kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, kó má ju íǹṣì kan lọ, ẹyọ kan lẹ́yìn ọrùn, kó má ju íǹṣì méjì lọ, ẹyọ kan lẹ́yìn etí kọ̀ọ̀kan, íǹṣì kan. Èyí tó bá wà láàárín ìka, tí kò hàn téèyàn bá pa ìka pọ̀, wọn ò ka iye ẹ̀. Ojú nìkan ni wọn ò fọwọ́ sí, àfi tàwọn obìnrin tó fín ìpéǹpéjú. Má rò pé àánú ló mú wọn ṣe é o. Lọ́dún 2022 yẹn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ọmọ ni Army ń wá, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló dín nínú ẹ̀. Ìgbà tí ọjà ò bá tà, ọlọ́jà a mọ ẹ̀bẹ̀.

Nítorí náà orúkọ màmá yín, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, tí kò bá ti ju íǹṣì méjì lọ, kó máa gbé e lọ bó ṣe wà.

Ohun kejì ni ohun tí tátù náà ń sọ. Èyí ni wọn kì í dúnàádúrà. Àmì ẹgbẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àmì àwọn tó ń fi ipá ta ko ìjọba, àwòrán ìhòòhò, èyí tó ń tàbùkù obìnrin: ì báà wà ní ìdí, lábẹ́ ṣòkòtò níbi tí oòrùn ò dé, wọn ò gbà á. Kò sí waiver, ìyẹn ìyọ̀ǹda pàtàkì, fún un. Ti ẹgbẹ́ jàǹdùkú náà, ojú burúkú ni wọ́n fi ń wò ó.

Ó ku adé. Bá mi ka ṣóńṣó orí ẹ̀. Tó bá jẹ́ márùn-ún, adé yẹn gan-an ni Latin Kings fi ń ṣe àmì, ẹgbẹ́ jàǹdùkú tó bẹ̀rẹ̀ ní Chicago tó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹni tí wọ́n máa fi fọ́tò ọwọ́ àbúrò rẹ ránṣẹ́ sí ò mọ Ọ̀ràngún, kò mọ Aláké. Adé oníṣóńṣó márùn-ún lọ́wọ́ ọmọkùnrin Houston ló máa rí, ohun tí wọ́n sì kọ́ ọ pé kó máa ṣọ́ nìyẹn.

Ẹ gbà mí láyè kí n bínú díẹ̀. Adé Yorùbá wo ló ní ṣóńṣó márùn-ún? Adé tiwa, ẹyẹ ló ń bà lé e lórí, ìlẹ̀kẹ̀ ló ń ṣàn bo ojú ọba. Adé inú káàdì tẹ́tẹ́ ni ọmọ yìí fín. Ká ní ó ya adé baba ńlá ẹ̀ ni, mi ò mọ ẹgbẹ́ jàǹdùkú kankan ní Amẹ́ríkà tó ń lo irú ẹ̀ tí wọ́n á fi fura sí i.

Ti oṣé náà, kó múra sílẹ̀ kó ṣàlàyé ẹ̀. FBI mọ Black Axe, ẹgbẹ́ òkùnkùn Nàìjíríà, dáadáa, àáké tó ń gé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì ni àmì tiwọn. Oṣé olójú méjì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ “Nàìjíríà” tó rí àáké lè má dúró ka ojú ẹ̀.

Ásíìdì, kó jù ú sí bọ́là. Á jó o lára, àpá á wú bíi ti kílọ́ìdì, dókítà á wá máa bi í pé kí ló dé tí àpá fi wà níbi tí okùn ẹrù máa ń há mọ́. Wàhálà tuntun nìyẹn. Tí wọ́n bá ní dandan kó pa ti ọwọ́ rẹ́, laser ni, kó sì béèrè fún oríṣi tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG, torí ẹ̀yà laser míì lè bó àwọ̀ èèyàn dúdú di funfun bálabàla. Kì í ṣe ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan o, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sí àárín ọ̀kan àti èkejì. Nítorí náà kó má tíì náwó. Kó jẹ́ kí recruiter rí gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí wọ́n yà á ní fọ́tò, kí òun náà fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìtumọ̀ ẹ̀ àti ọdún tó fín in. Kó fi fọ́tò bàbá àgbà yín sí i tẹ́ ẹ bá ní. Kó má fi ọ̀kankan pamọ́. Article 104a nínú òfin ológun wà fún ẹni tó bá purọ́ wọlé, mo sì ti rí ọmọ tí tátù ẹ̀ ò ní nǹkan kan nínú, irọ́ tó pa lórí ẹ̀ ló sọ ọ́ sílé.

Kúnlé Peckham:

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Níbí tiwa ní ìlú ọba náà, Army ò kọ tátù ọwọ́ tàbí ẹ̀yìn ọrùn mọ́, èyí tó máa hàn nínú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni wọn ò fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ta ló ń sọ pé báyìí ni àmì ṣe jẹ́? Pete Hegseth tó di olórí ilé iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà ní 2025, ṣebí òun fúnra ẹ̀ sọ pé wọ́n yọ òun kúrò lára àwọn National Guard, sójà ìpínlẹ̀, tó máa ṣọ́ ìbúra Biden ní January 2021, nítorí àgbélébùú Jerúsálẹ́mù tó wà láyà òun. Òun pè é ní ìgbàgbọ́, ẹlòmíì pè é ní nǹkan míì.

Ìyá Ìbejì Killeen:

Kúnlé, mi ò bá ẹ dé ibi òṣèlú. Ibi tí mo bá ẹ dé ni pé kì í ṣe ọ̀gá ńlá kankan ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọ National Guard bíi tiẹ̀ ló kọ ìwé sókè, ti “Deus Vult” (èdè Látìn, “Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ”) tó wà lápá ẹ̀ ló sì kọ, kì í ṣe ti àgbélébùú àyà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Recruiter lè gbà ọ́ wọlé, kí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn sí báráàkì wo apá ẹ lọ́jọ́ kan kó ní “kí nìyí?” Ìdí tí mo fi ní kí ọmọ yìí ti ní ìwé àlàyé nínú fáìlì ẹ̀ nìyẹn.

Àdùkẹ́_Houston:

Mọ̀mí, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá yín wo àwọn ìbejì. Mo ti ní kó tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, mo fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n. Ti ọrùn ò tó íǹṣì méjì. Ti ọwọ́, àti adé àti “Ọmọba”, ó ku díẹ̀ kó pé íǹṣì méjì. Ṣóńṣó ẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Bàbá wa kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Ó ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ o. Ó wá ní òun fẹ́ kí wọ́n fi ẹyẹ lé e lórí, kí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ bo ṣóńṣó yẹn.

Ìyá Ìbejì Killeen:

Ha! Ọmọ yìí ò ní pa mí. Íǹṣì kan ni Army fún un, ó ti lé e kọjá, ó tún fẹ́ gbé ẹyẹ lé e. Kó má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kàn án mọ́ títí wọ́n á fi dá a lóhùn.

Tí Army bá ní adé yẹn ti tóbi jù, kó yà sọ́dọ̀ Navy. Láti 2016 ni wọn ò ti ka bí tátù ọwọ́ ṣe tóbi sí mọ́. Ti ọrùn ni tiwọn há, íǹṣì kan péré, nítorí náà kẹ́ ẹ tún ti ọrùn wọ̀n dáadáa. Marines ò ní gbà á tọwọ́-tọrùn. Ní 2021 wọ́n gbà kéèyàn fín gbogbo apá, ṣùgbọ́n lọ́wọ́, àfi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òrùka sí ìka kan. Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ adé, ibi yòówù kó lọ, wọ́n á bi í.

Àdùkẹ́_Houston:

A ti gbọ́, Mọ̀mí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa rí recruiter. Ó ń béèrè pé ṣé kóun wọ aṣọ alápá gígùn, kó má lọ dà bí ẹni ń ṣe fọ́ńté.

Ìyá Ìbejì Killeen:

Kó wọ aṣọ alápá péńpé, kí wọ́n rí ohun tí wọ́n fẹ́ rí kíákíá. Tó bá dé MEPS fún àyẹ̀wò ara, pátá nìkan ni wọ́n máa fi sílẹ̀ lára ẹ̀. Sọ fún un kó wọ èyí tí kò ya.