Ṣé kí n ṣì tọ́jú ogún náírà àtijọ́ tó ti gbó yìí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Mo ń kó owó bébà Nàìjíríà àtijọ́ jọ, mo fẹ́ kí ó pé láti 1973 tí náírà bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan mọ́ dáadáa, náírà kan olórí Herbert Macaulay tí mo ní ṣì le kaka. Àmọ́ ogún náírà Murtala, irú èyí tó jáde ní 1977, inú àpótí màmá àgbà wa ni mo ti rí i, ó jọ pé wọn ò rí i pààrọ̀ nígbà tí ìjọba yí àwọ̀ owó padà ní 1984, ó wá ti rọ̀ bí àkísà, igun kan ti já, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ láàárín, wọ́n tún fi báírò kọ nọ́ńbà sí i lára (owó èsúsú ni mo rò pé wọ́n ń ṣírò, màmá yẹn ò kì í fi èsúsú ṣeré).

Ṣé kí n fi sáàárín àwọn tó mọ́, àbí kí n dúró de èyí tó dáa? Sẹ́lótéèpù yẹn ńkọ́, ṣé kí n yọ ọ́? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ẹ̀rù ń bà mí o.