Owó àjẹṣẹ́kù wa kò ròpọ̀ nínú Excel, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, àwa oníṣòwò aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn níbí. Mo ń da owó inú ìwé wa sínú Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà. Mo tẹ N5,000, N12,500, títí tó fi pé èèyàn 63. Nígbà tí mo ní kí SUM rò ó pọ̀, 0 ló gbé jáde! Òdo iwájú nọ́mbà fóònù wọn náà ti pòórá. Sátidé ni ìpàdé, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo fọwọ́ kan owó òun.

Ìdáhùn, Mọ́níyà
Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀, owó yín pé. Lẹ́tà N tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni Excel ka N5,000 sí, SUM kì í sì í ro ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: iye owó gidi máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún àpótí rẹ̀, tiyín á ti lẹ̀ mọ́ òsì.

Ẹ yan òpó owó, ẹ tẹ Ctrl+H, ẹ kọ N sí àyè òkè, ẹ fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ tẹ Replace All. Òpó owó nìkan o, ẹ jọ̀ọ́! Tí ẹ bá ṣe é lórí gbogbo ojú ìwé, á yọ gbogbo n inú orúkọ àwọn èèyàn dànù.

Lẹ́yìn náà, Ctrl+1, Number, Custom. Ẹ kọ èyí sí àyè Type:
"₦"#,##0
5000 lẹ máa tẹ̀, ₦5,000 ni yóò hàn, SUM á sì rò ó.

Ìdáhùn, Bódìjà
Ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀, mà, ó wúlò fún ẹgbẹ́:
"₦"#,##0;[Red]-"₦"#,##0;"kò tíì san"
Gbèsè tí ẹ bá fi àmì - síwájú rẹ̀ á pupa, ẹni tí ẹ bá tẹ 0 fún, "kò tíì san" ló máa hàn. Ní ti fóònù, òdo 11 ni kẹ́ ẹ kọ sí Type: 00000000000.

Ìdáhùn, Mọ́níyà
Ti fóònù yẹn, èmi ò bá yín lọ síbẹ̀. Ta ló ń ro nọ́mbà fóònù pọ̀? Ẹ sọ òpó náà di Text kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, òdo ò ní lọ mọ́.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bá mi san án. Ó ti ròpọ̀! Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣì lẹ̀ mọ́ òsì, ti ìyá kan tó fi ₦7,500 sílẹ̀: lẹ́tà O ni mo tẹ̀ dípò òdo. Mo ti tún un tẹ̀.