Pásì, dírìbù àti ìgbá sójú ilé: báwo ni ètò ṣe lè dá wọn mọ̀ nínú fáìlì rcg?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń ka fáìlì rcg (àkọsílẹ̀ eré) ti 2D RoboCup, ìyẹn ìdíje bọ́ọ̀lù tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà ń gbá, kí ètò mi lè máa sọ fúnra rẹ̀ pé pásì nìyí, dírìbù nìyí. Ẹni tó bá súnmọ́ bọ́ọ̀lù jù ni mo kà sí ẹni tó gbá a. Àmọ́ pásì tó ń kà ti pọ̀ jù, pàápàá níbi tí ẹni méjì bá ti ń du bọ́ọ̀lù.

Ìdáhùn kìíní:
Ìsúnmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹsẹ̀ lè ba bọ́ọ̀lù láti nǹkan bíi mítà 1.085 (0.3 + 0.085 + 0.7), torí náà ẹni méjì lè wà níbẹ̀ pọ̀. Ẹ wo àwọn iye tó tẹ̀lé lẹ́tà c lára agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, tó ń ka iye ìgbà tó ti pa àṣẹ kọ̀ọ̀kan: èyí àkọ́kọ́ ni kick (gbígbá bọ́ọ̀lù), ìkẹsàn-án ni tackle (fífi ẹsẹ̀ já bọ́ọ̀lù gbà). Bí kick ti (l 7), ìyẹn nọ́ńbà 7 ikọ̀ apá òsì, bá kúrò ní 41 tó di 42, òun ló pàṣẹ. Kí ẹ sì yẹ iye ipò rẹ̀ (state) wò: bí àmì 0x4 (ìgbá tó kùnà) bá wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ba bọ́ọ̀lù.

Ìdáhùn kejì:
Òótọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó fara kan bọ́ọ̀lù tẹ̀lé e ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òun náà ni? Dírìbù. Ará ikọ̀ rẹ̀? Pásì. Ará ikọ̀ kejì? Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ikọ̀ máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní cycle (ìṣísẹ̀ àkókò nínú eré) méjì tàbí mẹ́ta léra kó tó yá dáadáa. Ẹ so wọ́n pọ̀ di ìgbá kan ṣoṣo.

Ti ìgbá sójú ilé ló le jù, torí aṣọ́lé lè mú un kó sì dà bíi pásì tó bàjẹ́. Cycle kọ̀ọ̀kan ni eré (ìyára) bọ́ọ̀lù ń dín kù sí 0.94 ti iye tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ pín eré rẹ̀ sí 0.06 kẹ́ ẹ mọ ibi tó lè dé. Ká ní ó ku mítà 16 sí ìlà x = 52.5: eré 2.0 á gbé e dé mítà 33, eré 0.8 ò ní kọjá nǹkan bíi mítà 13. Bí ó bá lè dé, tí ojú ọ̀nà rẹ̀ sì gba àárín y = ±7.01, ìgbá sójú ilé ni.

Ìdáhùn kẹta:
Ẹ fi kún un: bí play mode (ipò tí eré wà, bíi ìgbà tí eré ń lọ tàbí tí wọ́n dá a dúró) bá yí padà, ẹ gé ìtẹ̀léra náà síbẹ̀, torí rẹfirí lè gbé bọ́ọ̀lù síbòmíràn. Bọ́ọ̀lù tún lè ta lára ènìyàn láìsí ìgbá kankan. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú dátà yìí, odindi eré ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò, kì í ṣe cycle kọ̀ọ̀kan. Cycle tó tẹ̀léra fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra pátápátá, èsì yóò kàn dára lórí ìwé ni.