Ewéko aṣálẹ̀: "aláìmumi" kọ́, "aṣọ́mi" ni

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹnìkan dábàá pé ká máa pe ewéko inú aṣálẹ̀ ní "aláìmumi". Ó dùn ún pè lóòótọ́, àmọ́ irọ́ ló ń pa. Ẹ wo saguaro, igi ẹlẹ́gùn-ún gàgàrà inú aṣálẹ̀ Sonora ní Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í jìn, òkè erùpẹ̀ ló tẹ́ rẹrẹ sí, kí òjò tó bá ṣèèṣì rọ̀ má baà lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ara rẹ̀ ṣẹ́ po bí aṣọ; tó bá mu omi yó, ìṣẹ́po yẹn á tú, igi á sì sanra. Amumi paraku ni! Ẹ̀yìn tó bá mu ún tán ni ìṣọ́ ń bẹ̀rẹ̀: ewé ti di ẹ̀gún, ìda sì bo ara rẹ̀ kí oòrùn má lè fa omi yẹn jáde.

Ìyẹn ni mo fi ní ká pè é ní "aṣọ́mi". Bí ẹnìkan bá ní ó jọ "ẹni tó ń ṣọ́ mi", ṣebí a ń sọ "apọnmi", kò sì rú ẹnikẹ́ni lójú.

Ihò èémí àwọn aṣọ́mi bíi saguaro ló wù mí jù. Òru, nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù, ni wọ́n ń ṣí i. Wọ́n á gba afẹ́fẹ́ kábónì wọlé, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ bí ásíìdì, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á pa ihò dé, wọ́n á wá fi oòrùn se oúnjẹ. Àbámọdá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí kì í tilẹ̀ í ṣe ará aṣálẹ̀. Nínú lẹ́tà kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1815, Benjamin Heyne, onímọ̀ nípa ewéko, sọ pé òun tọ́ ewé rẹ̀ wò ní Íńdíà: láàárọ̀ ó kan, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti tẹ́ lẹ́nu. "Amílóru" bá irú èyí mu.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ewéko aṣálẹ̀ ni aṣọ́mi o. Òmíràn wà tó jẹ́ pé irúgbìn rẹ̀ á sùn sínú iyanrìn títí òjò á fi rọ̀. Á hù, á tanná, á so, á kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. "Asáfọ́dá" nìyẹn, torí ó ń sá fún ọ̀dá ni. Ti mesquite, igi kan tó ń hù ní aṣálẹ̀, ló ṣòro. Wọ́n ti rí gbòǹgbò rẹ̀ ní Arizona níbi tó jìn ju mítà 50 lọ. "Awalẹ̀" kò tẹ́ mi lọ́rùn, òkété náà ń walẹ̀. Ta ló ní èyí tó dáa jù ú lọ?