Ìwọ̀ rìbìtì àti ìdẹ ààyè: kí ni mo ń ṣe tí ẹja fi ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Etí-Àsá, Ìlọrin

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ odò, mo kí yín o. Mo ní ọgbà ẹja kékeré kan ní Ìlọrin níbí, níbi tí mo ti ń sin àrọ̀ láti bí ọdún mẹ́fà. Ní òpin ọ̀sẹ̀, èmi àti ọmọkùnrin mi máa ń mú ọ̀pá ìpẹja lọ sí etí odò Àsá, a ó fi ẹpìyà kékeré tó ṣì wà láàyè ṣe ìdẹ. Kì í ṣe eré nìkan ni a ń bá lọ. Mo fẹ́ rí àrọ̀ odò tí n óo fi kún àwọn ìyá ẹja mi, nítorí pé àwọn tó wà nílé ti ń gun ara wọn láàárín ẹbí kan náà fún ìgbà pípẹ́, mo sì rí i pé ọmọ wọn kò dàgbà bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹja tó bá kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì kò wúlò fún mi, bí ó ti wù kí ó tóbi tó.

Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀ tí a ti ń lò láti ìgbà àwọn bàbá wa máa ń wọ àrọ̀ lọ́fun. Nínú ẹja mọ́kànlá tí mo gbé délé ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, méje ló kú nínú tánkì, nígbà tí mo sì la wọn, mo rí i pé ìwọ̀ ti ya ìfun wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà wá fún mi ní ìwọ̀ tó ká rìbìtì, èyí tí wọ́n ń pè ní circle hook, ó ní òun ni yóò tán ìṣòro mi. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni mo ti lò ó báyìí. Ẹja ń gbé e dáadáa, mo ń ta ọ̀pá sókè bí mo ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ìdẹ nìkan ló ń padà wá bá mi. Ṣé ìwọ̀ náà ni kò dára ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò? Ibo lára ẹpìyà ni ó yẹ kí n ti fi ìwọ̀ bọ̀ ọ́, báwo sì ni ó ṣe yẹ kí ìwọ̀ náà tóbi tó?

Èsì láti ọ̀dọ̀ Apẹja Jẹ́bà

Ọmọ Etí-Àsá, ẹ kú iṣẹ́ odò o. Ìwọ̀ yín kò lábùkù. Ọwọ́ yín ni kò tíì gbàgbé ìwọ̀ àtijọ́.

Ṣóńṣó ìwọ̀ àtijọ́ kọjú sókè, ó sì dúró gbọọrọ bíi ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn apá gígùn tí a ń so okùn mọ́, nítorí náà ibi yòówù tó bá wà nígbà tí ẹ bá fà á lójijì ni yóò gún, ìbáà jẹ́ ètè, ìbáà jẹ́ ọ̀fun, ìbáà jẹ́ ìfun. Ṣóńṣó ìwọ̀ rìbìtì ní tirẹ̀ yí wọnú, ó kọjú tààrà sí ẹsẹ̀ ìwọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bí ẹja bá gbé e mì, tí okùn sì ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó ṣòro kí ṣóńṣó yẹn gún ohun kan nínú ọ̀fun, ńṣe ni yóò máa yọ̀ bọ̀ síta títí tí yóò fi kan igun ẹnu. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti yọ síta ẹnu, tí ìwọ̀ yóò yí bírí, tí ṣóńṣó rẹ̀ yóò sì wọnú ẹran igun ẹnu náà. Kí gbogbo èyí tó lè ṣẹlẹ̀, àfi kí okùn máa fà lọ́rarọ́ra, kí ó má sì dẹ̀. Bí ẹ bá ta ọ̀pá sókè lójijì, ìwọ̀ yóò gba àárín ẹnu jáde kí ó tó ráyè yí.

Bí ẹja bá ti fọwọ́ kan ìdẹ, ẹ dojú ọ̀pá kọ ọ̀nà tí ẹja náà ń gbà lọ, kí ẹ jẹ́ kí ó gbé e lọ. Ẹ ka ení, èjì títí dé àrún nínú ọkàn yín, nítorí àrọ̀ kì í kánjú. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí kẹ̀kẹ́ okùn jẹ́jẹ́ láìgbé ọ̀pá sókè rárá. Okùn yóò nà, ọ̀pá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fúnra rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ tó gbé e sókè ní pẹ̀lẹ́. Kíkó ọwọ́ ara ẹni níjàánu ló le jù nínú rẹ̀. Odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni ó gbà mí kí ọwọ́ mi tó gbọ́ràn. Ẹ má sì wá dúró kọjá bó ṣe yẹ, nítorí ìwọ̀ rìbìtì pàápàá lè wọ ikùn bí a bá fi sílẹ̀ pẹ́ jù.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Ọ̀yun, Ọ̀fà

Èmi ò fara mọ́ ọn tán o. Odò Ọ̀yun tí mo ti ń pẹja kò fẹ̀, kùkùté àti gbòǹgbò igi ló kún abẹ́ rẹ̀. Kí n tó ka ení, èjì dé àrún, àrọ̀ ti wọ abẹ́ gbòǹgbò, okùn mi sì ti lọ́ mọ́ ọn. Ẹja tí n óo jẹ lálẹ́ ni èmi ń wá ní tèmi, ìwọ̀ àtijọ́ sì tó fún mi. Bí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ẹja ààyè yóò bá lo ti rìbìtì, ẹ wá omi tó mọ́ lábẹ́.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Apẹja Jẹ́bà

Òótọ́ lẹ sọ nípa kùkùté. Níbi tó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi kì í fún ẹja ní okùn rárá. Mo máa ń jẹ́ kí okùn nà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má dẹ̀ níbì kan láàárín èmi àti òjé tó ń mú okùn rì, tó fi jẹ́ pé bí ẹja bá ti gbé ìdẹ tí ó sì ṣẹ́rí padà, ìwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí nìyẹn. Mo máa ń pàdánù díẹ̀, ṣùgbọ́n okùn mi kì í wọ abẹ́ gbòǹgbò.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Ìlọrin ní Maryland

Mo kí gbogbo ilé. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ yìí jáde, nítorí òun ni mo ń ṣe níbí ní Amẹ́ríkà lópin ọ̀sẹ̀. Ẹja kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní striped bass, tó máa ń ti inú òkun wọ Chesapeake Bay wá pamọ ní ìgbà ìrúwé. Iye rẹ̀ dínkù, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn apẹja ń dá padà sínú omi ló ń kú nítorí ìwọ̀ tó ti wọ̀ wọ́n lọ́fun, àgàgà bí ó bá jẹ́ ẹja ààyè tàbí gígé ẹja ni wọ́n fi ṣe ìdẹ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, ní àwọn ìpínlẹ̀ etí òkun láti Maine títí dé North Carolina, ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ìdẹ pẹ striped bass fún fàájì gbọ́dọ̀ lo ìwọ̀ rìbìtì. Ìdẹ ayédèrú tí wọ́n fi igi tàbí rọ́bà ṣe kò sí nínú òfin yìí, nítorí ẹja kì í sábà gbé ìyẹn mì.

Ohun kan wà nínú òfin náà tí mo fẹ́ kí Ọmọ Etí-Àsá yẹ̀ wò. Wọ́n ní ẹnu ìwọ̀ náà kò gbọdọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gbé ìwọ̀ yín lé orí tábìlì. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ tábìlì pẹrẹsẹ, ó dára. Bí ṣóńṣó rẹ̀ bá gbé sókè tàbí tó yà, ó lè gún ọ̀fun gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀ àtijọ́ ti ń gún un, ohun tí ẹ sì torí rẹ̀ ra ìwọ̀ rìbìtì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní ti ibi tí ẹ óo ti fi ìwọ̀ bọ ẹpìyà, bí omi bá ń ṣàn, ẹ gba ètè òkè tàbí ihò imú rẹ̀, kí ó lè kọjú sí omi kí ó sì máa mí. Ẹja tó ń jẹ ẹja sábà máa ń gbé ẹpìyà mì láti orí, nítorí ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí náà ìwọ̀ tó wà ní imú ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Bí omi bá dúró, ẹ lè fi bọ abẹ́ awọ ẹ̀yìn, níwájú lẹbẹ ẹ̀yìn, láìjẹ́ kí ó kan egungun ẹ̀yìn, ẹpìyà yóò sì máa lúwẹ̀ẹ́ káàkiri. Lọ́nà méjèèjì, ṣóńṣó ìwọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní gbangba. Bí ẹran ìdẹ bá dí àlàfo tó wà láàárín ṣóńṣó àti ẹsẹ̀ ìwọ̀, kò sí àyè tí igun ẹnu ẹja yóò gbà wọ ibẹ̀.

Fún àrọ̀ tó tó kílò kan sí méjì, mo rò pé ìwọ̀ tí nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 4/0 yóò ṣe é. Bí ìdẹ yín bá ju àtàǹpàkò lọ, ẹ gbé e lọ sí 5/0 tàbí 6/0. Ẹ rántí pé bí nọ́ńbà tó wà níwájú òdo náà bá ti pọ̀ tó ni ìwọ̀ ṣe ń tóbi tó.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Etí-Àsá

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará mi. Mo ti gbé ìwọ̀ náà lé orí tábìlì. Àwọn tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi lẹ̀ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n mo ti ra díẹ̀ kún un lọ́wọ́ ọlọ́jà kan, tó ní irú kan náà ni, gbogbo ìyẹn ló yà sápá kan. Èmi ò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ rí. Mo sì rí àṣìṣe mi mìíràn: ńṣe ni mo máa ń gún ìwọ̀ mọ́ inú ẹran ẹ̀yìn ẹpìyà kí ẹja má bàa rí i.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja, Òmù-Àrán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹja ààyè ni mo ń tà, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Kí n tó sanwó fún apẹja, mo máa ń la ẹnu ẹja wò. Èyí tí ìwọ̀ wọ̀ ní igun ẹnu máa ń wà láàyè nínú abọ́ omi mi dọjọ́ ọjà kejì. Èyí tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ láti ibi tó fi ń mí, mi ò kì í gbà á ní iye kan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ ìwọ̀ náà, ẹ kọ́kọ́ fi omi rẹ ọwọ́ yín, nítorí ohun yíyọ̀ tó bo ara ẹja ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àrùn. Ẹ fi ẹ̀mú di ẹsẹ̀ ìwọ̀ mú, kí ẹ yí i padà gba ọ̀nà tó gbà wọlé. Ẹ má fà á ní tààrà. Bí ó bá ti wọ ọ̀fun pátápátá, ẹ gé okùn súnmọ́ ẹnu kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Àpò tí a fi omi rẹ tó fún yín láti gbé àrọ̀ délé, nítorí òun lè mí nínú afẹ́fẹ́. Ẹpìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà omi odò tí ẹ ti kó o gan-an ni kí ẹ bù sínú garawa rẹ̀, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kẹ́míkà sí. Ẹ gbé garawa sábẹ́ ìbòòji, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Bàbá Pátígi

Mo kàn fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Àwa tí a ń ta okùn gígùn sínú odò Ọya lálẹ́, tí a so ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwọ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ wa kì í sí níbẹ̀ nígbà tí ẹja bá gbé e. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀ rìbìtì dára púpọ̀, nítorí fífà tí ẹja ń fa ara rẹ̀ ni yóò fi kọ́ ọ. Ẹja ńlá tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa náà, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kíákíá sì ni í fi í gbé ìdẹ mì. Ìwọ̀ yìí ni mo fi ń mú un láìpa á. Ṣùgbọ́n ẹ tètè lọ wò ó ní òwúrọ̀. Ẹja tó bá fi gbogbo òru jà lórí okùn yóò ti rẹ̀, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ igun ẹnu ni ìwọ̀ ti wọ̀ ọ́.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Etí-Àsá

A lọ ní Sátidé tó kọjá. Mo kó gbogbo ìwọ̀ tó yà sílé, mo fi 4/0 bọ ẹpìyà ní ètè òkè, mo sì sọ fún ọmọ mi pé ẹni tó bá ta ọ̀pá sókè ni yóò ru garawa délé. Ẹja márùn-ún ló gbé ìdẹ. Àkọ́kọ́ bọ́, nítorí pé ọwọ́ mi fò kí n tó rántí. Ọ̀kan wọ inú koríko, ó já okùn. Mẹ́ta yòókù, mo dojú ọ̀pá kọ wọ́n, mo yí kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, mo sì ń wo bí ọ̀pá ṣe ń tẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú mi dùn ju bí mo ti lè kọ ọ́ lọ. Gbogbo wọn ni ìwọ̀ wọ̀ ní igun ẹnu, ọ̀kan lápá òsì, méjì lápá ọ̀tún, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ rárá. Tánkì ọ̀tọ̀ ni mo kó wọn sí, n óo sì fi wọ́n síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù, kí wọ́n má bàa kó àrùn odò ràn wọ́n. Abo ni méjì nínú wọn. Èyí tó tóbi jù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní àárọ̀ òní.