Nígbà tí oògùn tó ti ń báni lára mu bá di ewu fún àgbà: ìrírí wa

Ọmọ Màmá, Ìbàdàn:
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Màmá mi ti lé ní ẹni ọdún 80, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo glibenclamide fún ìtọ̀ ṣúgà láìsí ìyọnu. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jí pẹ̀lú òógùn tó rin aṣọ wọn gbindin, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí wọn kì í sì í dá mi mọ̀ nígbà mìíràn. Àwọn ará ilé ní wọ́n ti ń ṣàrán. Àwọn mìíràn ní ká gbé wọn lọ sí orí òkè àdúrà. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ló gún wọn níka, tó sì rí i pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó 50 mg/dL, nígbà tó jẹ́ pé bó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ ni ewu ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì, ó po ṣúgà sómi fún wọn, kò sì pẹ́ tí iyè wọn fi sọ.

Dókítà ló là á yé wa pé kíndìnrín wà lára ohun tó ń kó oògùn yìí jáde kúrò lára, pé agbára kíndìnrín a sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀ láti nǹkan bí ẹni ọdún 40 lọ. Nítorí náà, ti àná kò tí ì tán nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tí ti òní fi ń wọlé bá a. Oúnjẹ wọn ti kéré nítorí eyín, ṣùgbọ́n iye oògùn kò yí padà. Wọ́n ti fún wọn ní òmíràn báyìí. Ó dùn mí gan-an pé ohun tó ní ìtọ́jú ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orúkọ ogbó bò mọ́lẹ̀.

Àkọ́bí Bàbá, Abẹ́òkúta:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, àǹtí. Amlodipine ni bàbá mi ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹsẹ̀ wọn wú, ẹni tó ń ta oògùn sì fún wọn ní èyí tó ń mú ni tọ̀, láìbéèrè ohun tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jí wọn lóru, òòyì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde, wọ́n sì ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Piroxicam tí wọ́n rà fún ìrora ìṣubú náà tún gbé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sókè. Mo kó gbogbo oògùn inú yàrá wọn, àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, sínú àpò kan, mo gbé e tọ apòògùn lọ. Òun ló sọ pé amlodipine fúnra rẹ̀ a máa mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú, ó sì kọ̀wé sí dókítà wọn, tó yí i padà. Ẹsẹ̀ náà fà, a kò sì nílò oògùn ìtọ̀ mọ́.

Ìyàwó Ilé, Òṣogbo:
Chlorpheniramine tí gbogbo wa ń lò fún ara yíyún ló mú kí ìyá ọkọ mi máa bá ẹni tí kò sí nílé sọ̀rọ̀, títí a fi dá a dúró. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti rí irú èyí pẹ̀lú diazepam tí àwọn àgbà ń lò fún oorun, nígbà tó jẹ́ pé ó ń pẹ́ lára wọn ju ti ọ̀dọ́ lọ?