Kráùn orí ìmpláǹtì mi bù: e.max ni tàbí zirconia?

Ìyá Fọlákẹ́, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ eyín ni mo gbé wá. Wọ́n gbin ìmpláǹtì, ìyẹn gbòǹgbò eyín àtọwọ́dá, sí párì ìsàlẹ̀ mi lápá òsì, níbi tí mo fi ń rún ẹran. Irin títéníọ̀mù tó wà nínú eegun kò yọ mí lẹ́nu rárá, ó dúró digbí. Kráùn orí rẹ̀, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí wọ́n dé e lórí, ni wàhálà. Zirconia, ohun funfun líle kan bíi tánńganran, ni wọ́n fi ṣe inú rẹ̀, wọ́n wá fi tánńganran bò ó kó lè jọ eyín gidi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń jẹ àgbàdo sísun, mo kàn gbọ́ "káká" ni. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti bù, etí rẹ̀ sì mú ṣóńṣó, ó ti ń ha mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

Dókítà kan ní kí n fi e.max ṣe òmíràn, èkejì ní zirconia lásán láìbo ohunkóhun mọ́ ọn. Èwo ló lágbára jù nínú wọn? Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́, kó dá mi lóhùn.

Sùàrá Ìjẹ̀bú

Mà, ẹ gba zirconia, ẹ má ronú lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi tiẹ̀ họ eegun, mìmì kan ò mì í.

Akin Láàbù, Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Iṣẹ́ mi nìyí: èmi ni mo máa ń gbẹ́ kráùn ní láàbù kí dókítà tó dé e fún aláìsàn. Ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń ká mi lára, torí àwọn èèyàn ń náwó ńlá láìmọ ohun tí wọ́n ń rà.

Zirconia kọ́ ló ṣẹ́ lẹ́nu yín, aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un ló ya. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ tẹ ègé kékeré títí yóò fi ṣẹ́, MPa ni wọ́n sì fi ń ka agbára rẹ̀. Tánńganran ìbojú wà láàrin 60 sí 120. e.max, tó jẹ́ lithium disilicate, irú gíláàsì líle kan, wà láàrin 360 sí 500. Zirconia tí à ń pè ní 3Y (Y dúró fún yttria, èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn) máa ń tó 900 sí 1,200. Nígbà tí hóró àgbàdo bá wá tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ta ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀?

Orí ìmpláǹtì ni ìyà yìí sì ti ń pọ̀ jù. Okùn tín-ín-tín wà láàrin eyín gidi àti eegun, òun ló ń jẹ́ kó rìn díẹ̀, òun náà ló ń ta wá lólobó pé ohun tí à ń jẹ ti le jù. Ìmpláǹtì ò ní okùn yẹn, ó lẹ̀ mọ́ eegun ni. Kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé nǹkan le, gbogbo agbára àgbọ̀n yín ti dé orí kráùn.

Nípa zirconia, ohun kan wà tó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Bó bá fẹ́ sán, àwọn hóró rẹ̀ tó wà lẹ́nu ibi tó ń sán á pa ìrísí dà, wọ́n á wú díẹ̀, bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì fún ojú sísán náà pa. R. C. Garvie àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà ló kọ ọ́ síta lọ́dún 1975. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: zirconia tuntun tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa, èyí tí à ń pè ní 5Y, ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìdáàbòbò yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, agbára rẹ̀ sì kéré sí ti 3Y. Zirconia ni wọ́n á pe méjèèjì fún yín. Ẹ bi wọ́n léèrè, Y mélòó ni?

Fún eyín ẹ̀yìn bíi tiyín, 3Y lódindi láìbo nǹkan mọ́ ọn ni mo máa yàn. e.max dára fún eyín iwájú, níbi tí ẹwà ti ṣe pàtàkì jù. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ègé títéníọ̀mù kékeré ló wọ inú ìmpláǹtì, kí wọ́n lẹ zirconia mọ́ ọn lókè. Bí zirconia fúnra rẹ̀ bá wọnú ibẹ̀, ògiri rẹ̀ yóò tín-ín-rín, ó lè ṣẹ́, ó sì lè máa jẹ títéníọ̀mù náà lára.

Nígbà tí a bá ń gbẹ́ zirconia, ó ṣì rọ̀ bí ẹfun. A máa ń gbẹ́ ẹ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún, torí pé bó bá wọ ààrò tó gbóná tó 1,500°C, yóò sún kì. Bó bá jáde, dáyámọ́ǹdì nìkan ló lè gé e. Ìgbà náà ni ewu wà: bí kráùn bá ga jù lẹ́nu yín tí wọ́n sì fi dírìlì ha á, wọ́n gbọ́dọ̀ dán an padà. Bí wọn ò bá dán an, sísán kéékèèké á wà lára rẹ̀, yóò sì máa ha eyín òkè tó ń pàdé jẹ. Kẹ́ ẹ tó dìde lórí àga, ẹ fi ahọ́n yẹ orí rẹ̀ wò. Bó bá rí págunpàgun, ẹ má tíì lọ.

Dókítà Tọ́lá

Òótọ́ ni Akin sọ. Mo fi èyí kún un: bébà aláró tẹ́ẹ́rẹ́ tí a máa ń ní kẹ́ ẹ jẹ, ẹ jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ tún jẹ ẹ́ gan-an. Bẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, àwọn eyín gidi ló yẹ kó kọ́kọ́ gba àró, kí kráùn ìmpláǹtì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà rárá. Ohun èlò tó lágbára jù lọ kò lè gba kráùn tó ga jù sílẹ̀.

Ìyá Fọlákẹ́, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á ró yín lágbára. Bàbá Fọlákẹ́ ní mo máa ń payínkeke lójú oorun. Ṣé ìyẹn náà wà lára rẹ̀?

Akin Láàbù, Ìbàdàn

Ó wà lára rẹ̀ gan-an, mà, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà kí wọ́n tó mú ìwọ̀n ẹnu yín. Wọ́n á ṣe ìbòrí eyín tí ẹ óò máa fi sùn. Èyí tó bù yẹn, ẹ má dúró de tuntun kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ ní kí wọ́n bá yín ha etí ẹ̀, kí wọ́n dán an. Kò ní gbà wọ́n lákòókò rárá.